Ọmọ-Ọ̀dọ̀ Kan tí a Kó Kọjá Òkun

Láti ìgbà tí ènìyàn ti ń ní ohun ìní ni olè ti wà, láti ìgbà tí olè sì ti wà ni àwọn ará ìlú ti ń ronú ohun tí ó yẹ kí a fi olè ṣe. Ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, ìtìjú ni ìyà àkọ́kọ́. Bí ọwọ́ bá tẹ ẹni tí ó jí iṣu wà lóko olóko, tàbí tí ó jí ewúrẹ́ aládùúgbò gbé, a ó gbé ohun tí ó jí kọ́ ọ lọ́rùn, a ó sì mú un yí ọjà ká, àwọn ọmọdé yóò sì máa hó lé e lórí. Àwọn ẹbí rẹ̀ ni yóò dá ohun olóhun padà, nítorí pé orúkọ gbogbo agbo ilé ni ó bà jẹ́. Ẹni tí ó bá wá sọ olè jíjà di iṣẹ́, tí ìtìjú kò sì tu irun kan lára rẹ̀ mọ́, ni a máa ń lé kúrò láàárín ìlú, tàbí kí a tà á sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ baba rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ àṣekára tí ó ń lọ ṣe níbẹ̀ ni ó burú jù nínú ìyà yìí. Èyí tí ó burú jù ni pé yóò di ẹni tí kò ní ẹnìkan tí yóò gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àwọn ọmọ Ìgbómìnà mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kí ènìyàn kúrò nílé àti kí a mú un kúrò nílé. Nígbà tí àwọn ọmọ ọba méjì pínyà ní Ìlá Yàrá, tí ọ̀kan lọ tẹ Ìlá-Ọ̀ràngún dó, tí èkejì sì tẹ Òkè-Ìlá dó, olúkúlùkù wọn ni ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ dání, tí wọ́n sì gbé oríkì ilé baba wọn lọ. Ibi tí wọ́n dé kò sọ wọ́n nù, nítorí pé àwọn tí ó mọ̀ wọ́n ni wọ́n jọ dé ibẹ̀. Ọkùnrin tí ìtàn yìí dá lé lórí kò rí irú ààyè bẹ́ẹ̀. Ènìyàn dúdú ni, ó sì jẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí igba ọdún ó lé ogójì sẹ́yìn, ní ìgbà tí Aláàfin Abíọ́dún wà lórí ìtẹ́ ní Ọ̀yọ́. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni John Caesar.

Orúkọ náà fúnra rẹ̀ yẹ ní àgbéyẹ̀wò. Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Caesar ni orúkọ tí àwọn ọba ńlá ilẹ̀ Róòmù ń jẹ́. Òun kan náà ni Bíbélì Yorùbá ń pè ní Késárì. Àwọn òyìnbó tí ó ní ẹrú fẹ́ràn láti máa sọ ẹrú wọn ní orúkọ àwọn akọni Róòmù àtijọ́, Caesar, Pompey, Scipio, bí ẹni tí ń ṣe ẹ̀fẹ̀: ẹni tí kò ní aṣọ méjì, tí kò lè rin ìrìn ibùsọ̀ kan láìgba àṣẹ, òun ni wọn yóò máa fi orúkọ ọba aláyé pè. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá ń sọ ọmọ ní ọjọ́ kẹjọ. Bí ó bá ní òmíràn rí, kò sí ẹni tí ó béèrè rẹ̀. Nípa ibi tí a ti bí i, àwọn kan ní erékùṣù Madagáskà ni, àwọn mìíràn ní àwọn erékùṣù West Indies ni. Àwọn akọ̀wé ilé ẹjọ́ tí ó kọ iye owó tí ó jí sílẹ̀ láìku ṣílè kan kò ka ìlú rẹ̀ sí ohun tí ó tó kọ.

Ní Deptford ni ó ń gbé, ní etí odò Thames, níbi tí a ti ń kan ọkọ̀ ogun fún ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ènìyàn dúdú kò ṣọ̀wọ́n ní etí odò náà nígbà yẹn. Àwọn kan jẹ́ atukọ̀. Àwọn kan jẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ tí àwọn olówó kó bọ̀ láti oko ìrèké wọn. Àwọn mìíràn sì ni àwọn tí ó ti gbè lẹ́yìn ọba Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun Amẹ́ríkà láti ọdún 1775 sí 1783, nítorí pé a ṣe ìlérí òmìnira fún wọn. Ogun parí, wọ́n rí òmìnira gbà, ṣùgbọ́n òmìnira kì í kún ikùn. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń tọrọ jẹ ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó bá rí ilé kan wọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ọ̀dọ̀ láàárín wọn, tí ó ń rí oúnjẹ jẹ, tí ó sì ń rí ibi sùn, ó ti ṣe orí ire.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1786 ni wọ́n mú John Caesar wá sí iwájú adájọ́ ní ìlú Maidstone. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó jí pọ́n-ùn 12 àti ṣílè 4. Owó pọ́n-ùn yìí kan náà ni a ń ná ní Nàìjíríà títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1973, ṣùgbọ́n pọ́n-ùn ìgbà náà kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ tàwa. Ọ̀pọ̀ ọmọ-ọ̀dọ̀ ni yóò sin ọ̀gá rẹ̀ fún odindi ọdún kan tí owó ọ̀yà rẹ̀ kò ní tó iye yẹn. Kì í ṣe olè kékeré, nítorí náà, kò sì sí ìdí tí a ó fi pè é ní nǹkan mìíràn. Òfin Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn sì le bí ojú ẹja. Bí ènìyàn bá wọ ilé onílé tí ó sì jí ohun tí ó tó ogójì ṣílè péré, wọ́n lè so ó kọ́ títí yóò fi kú. Ogójì ṣílè jẹ́ pọ́n-ùn 2. Ohun tí wọ́n ní Caesar jí ju ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀ lọ. Wọn kò so ó kọ́. Ìdájọ́ tí wọ́n dá fún un ni pé kí wọ́n kó o lọ sí òkè òkun fún ọdún méje, kí ó máa ṣiṣẹ́ fún ìjọba níbẹ̀. Ní ojú òfin, àánú ni wọ́n ṣe fún un.

Ṣùgbọ́n òkè òkun wo? Ní ọdún tí wọ́n dá ẹjọ́ yìí, ìjọba pàápàá kò tí ì mọ ibi tí ó ń kó wọn lọ. Ṣáájú àkókò náà, Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kó àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ wọn dà sí, tí àwọn olóko tábà ń rà wọ́n fún iye ọdún ìdájọ́ wọn. Bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ènìyàn ni wọ́n kó lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà gbé ogun dìde, ọ̀nà náà dí. Láti ọdún 1776 ni wọ́n ti ń kó àwọn tí a dá lẹ́jọ́ sínú ògbólógbòó ọkọ̀ òkun tí kò lè rìn mọ́, tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ sí etí odò Thames. Ní ọ̀sán, àwọn ẹlẹ́wọ̀n a máa wa yanrìn lódò; ní alẹ́, wọn a sùn nínú òórùn àti àìsàn. Àwọn ọkọ̀ náà kún, wọ́n kún àkúnwọ́sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ilẹ̀ wa nìyí. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ rò pé òun yóò sọ di ilẹ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Ní ọdún 1782 wọ́n kó ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wọ̀n dé Cape Coast, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, wọ́n fún wọn ní ìbọn, wọ́n sì sọ wọ́n di sójà. Ibà pa wọ́n. Àwọn tí ibà kò pa sá lọ. Ní ọdún 1785 wọ́n tún gbìmọ̀ láti kó àwọn kan sí erékùṣù Lemain nínú odò Gáḿbíà, kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n máa ṣe ìjọba ara wọn. Edmund Burke dìde ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó ní ẹni tí a bá kó lọ sí ibẹ̀, ikú ni a dá fún un lábẹ́ orúkọ àánú. Wọ́n fi èrò náà sílẹ̀. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1786 ni wọ́n tó fi ẹnu kò sí Botany Bay, ní Ọsirélíà, etíkun kan tí Captain Cook ti fi ojú rí lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 1770.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí kò yẹ kí a gbójú fò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1787, oríṣi ọkọ̀ méjì ni ó ń múra àjò ní etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan ń kó ẹlẹ́wọ̀n lọ sí Ọsirélíà. Àwọn yòókù ń kó àwọn ènìyàn dúdú tí ó tòṣì ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Sàró, láti lọ tẹ ìlú dó. Láti inú ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Sàró yẹn ni ibi ààbò ti wá jáde fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí Àjàyí Crowther jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ní ọdún 1822. Bí ó bá jẹ́ pé a kò mú John Caesar ní Deptford, inú irú ọkọ̀ kejì yìí ni ì bá ti lè wà.

Ọkọ̀ tí wọ́n fi í sí ni Alexander, èyí tí ó tóbi jù nínú àwọn ọkọ̀ tí ó kó ẹlẹ́wọ̀n. Iye ọkùnrin tí wọ́n fún sínú rẹ̀ sún mọ́ igba. Kí wọ́n tó kúrò ní èbúté rárá, àìsàn ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn, ó sì ti pa ju ènìyàn mẹ́wàá lọ. Ọkọ̀ mọ́kànlá ni ó gbéra ní Portsmouth ní ọjọ́ 13, oṣù Karùn-ún, ọdún 1787. Wọ́n gba Tenerife, wọ́n gba Rio de Janeiro ní Bùràsíìlì, wọ́n gba Cape Town ní ìpẹ̀kun Áfíríkà, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí ibi tí ó di Sydney ní ọjọ́ 26, oṣù Kínní, ọdún 1788. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní òwúrọ̀ ní Ìlá-Ọ̀ràngún lónìí lè jẹ oúnjẹ alẹ́ ní Èkó. Àwọn wọ̀nyí lo ju oṣù mẹ́jọ lọ lójú omi. Kò sì sí ètò kankan nípa bí ẹni tí ó bá lo ọdún méje rẹ̀ tán yóò ṣe padà wálé. Àní nígbà tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé ọdún àwọn ti pé, gómìnà kò lè sọ bóyá òtítọ́ ni tàbí irọ́, nítorí pé ìwé tí a kọ iye ọdún olúkúlùkù sí wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí wọ́n gbàgbé rẹ̀ sí. Ẹni tí ó ń fi ìyà jẹ ni ní orúkọ òfin, ó yẹ kí ó kéré tán rántí mú òfin náà dání.

Láàárín bí ẹgbẹ̀rin ẹlẹ́wọ̀n dín díẹ̀ tí ó sọ̀ kalẹ̀, a rí bí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ó jẹ́ ènìyàn dúdú. Caesar ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ mọ̀ nínú wọn. Ó ga, ó síngbọnlẹ̀, iṣan rẹ̀ yọ. A kò sì rí ẹni tí ó lè bá a dọ́gba nínú iṣẹ́. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó jẹ́rìí bẹ́ẹ̀. David Collins ni, adájọ́ àgbà ilẹ̀ náà, tí kò fẹ́ràn Caesar rárá. Nínú ìwé ìtàn tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1798, ó kọ ọ́ pé bóyá ni ẹlẹ́wọ̀n kan wà ní gbogbo ilẹ̀ náà tí ó ń ṣiṣẹ́ tó o. Nínú ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ti sọ pé ikùn ọkùnrin yìí kì í kún: ohun tí wọ́n bá fún un fún ọjọ́ méjì, ó lè jẹ ẹ́ tán ní ọjọ́ kan. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí jókòó ti ara wọn nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni Collins kò sì rí i pé ọ̀kan ni ó bí èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a wo oúnjẹ náà. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohun tí ẹlẹ́wọ̀n ọkùnrin kan ń gbà fún ọ̀sẹ̀ kan ni ìyẹ̀fun tàbí búrẹ́dì gbígbẹ ìwọ̀n pọ́n-ùn 7, ẹran màlúù oníyọ̀ ìwọ̀n pọ́n-ùn 7 tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀ ìwọ̀n pọ́n-ùn 4, pẹ̀lú ẹ̀wà díẹ̀ àti bọ́tà díẹ̀. Láti inú àgbá ọkọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti pẹ́. Ilẹ̀ tí wọ́n dé kò tí ì so èso fún wọn, nítorí pé àwọn tí ó mọ oko ṣíṣe kò tó nǹkan láàárín wọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1789 wọ́n dín oúnjẹ náà kù sí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ń wọ̀n fún ọkùnrin tí ó kéré bí ìka àti fún òmìrán tí ń wó igi. Ní ojú akọ̀wé tí ń pín oúnjẹ, ìdọ́gba nìyẹn, òdodo sì ni. Àgbẹ̀ Ìgbómìnà tí ó bá gba alágbàro sóko mọ̀ pé bí òun bá fẹ́ kí ebè pọ̀, àmàlà ni yóò kọ́kọ́ pọ̀. Àwọn àgbà ti parí ọ̀rọ̀ náà tipẹ́: ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Caesar bẹ̀rẹ̀ sí jí oúnjẹ. Ní ìparí oṣù Kẹrin ọdún 1789 wọ́n mú un lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n sì sọ ọdún méje rẹ̀ di títí ayé. Kí a tó sọ pé ìyà náà pọ̀ jù, ó yẹ kí a rántí bí ibẹ̀ ti rí. Ní oṣù kan ṣáájú, sójà mẹ́fà ni wọ́n so kọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo nítorí pé wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ èké ṣí ilé oúnjẹ ìjọba. Ẹlẹ́wọ̀n àkọ́kọ́ tí wọ́n so kọ́ ní ilẹ̀ náà, Thomas Barrett, oúnjẹ ni òun náà jí, ọkọ̀ wọn kò sì tí ì ju oṣù kan lọ ní èbúté. Níbi tí ebi bá ti mú olóòótọ́ àti olè pọ̀, olè oúnjẹ dà bí apànìyàn lójú àwọn yòókù. Èyí yé ni. Ohun tí kò yé ni ni ohun tí wọ́n rò pé títí ayé yóò ṣe fún ẹni tí ebi ń pa.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà Caesar wọ igbó lọ, pẹ̀lú ìbọn sójà kan àti ìkòkò irin kan. Ìkòkò irin yẹn ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó bá lè gbọ́: ẹni tí ó gbé ìkòkò dání ń retí àtise nǹkan jẹ. Ṣùgbọ́n igbó ilẹ̀ náà kì í ṣe igbó tí ó mọ̀. Kò mọ ewé tí a ń jẹ níbẹ̀, ẹran ìgbẹ́ kò sì dúró dè é. Kò pẹ́ tí ó fi ń yọ́ padà wá sí ẹ̀yìn ilé àwọn ènìyàn ní òru láti wá oúnjẹ, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti mú un nínú oṣù Kẹfà. Wọ́n rò ó bóyá kí wọ́n so ó kọ́. Caesar fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní bí wọ́n bá gbé òun lọ sí ìdí igi, òun yóò dá àpárá kan fún apọ̀daràn kí òun tó kú, kí gbogbo ènìyàn lè rẹ́rìn-ín. Gómìnà Arthur Phillip rí i pé ikú kò lè dẹ́rù ba irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, kí ó máa ro ọgbà ní erékùṣù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Garden Island, kí wọ́n sì máa fún un ní ẹ̀fọ́ inú ọgbà náà kún oúnjẹ rẹ̀. Ìdájọ́ Phillip yìí ni ó kọ́kọ́ sún mọ́ ohun tí ó ń ṣe ọkùnrin náà. Ó ṣe wẹ́kú fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà, Caesar jí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan ní oṣù Kejìlá, ó sì tún sá lọ. Ó ń jalè nínú ọgbà àwọn òyìnbó, ó sì ń jalè lọ́dọ̀ àwọn onílẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn onílẹ̀ ni àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ti ń gbé ní Ọsirélíà láti ayébáyé. Àwọ̀ Caesar dà bí tiwọn, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ èdè rẹ̀, òun náà kò sì gbọ́ tiwọn; lójú wọn, àjèjì tí ń jí ohun ọdẹ wọn ni. Wọ́n fi ọ̀kọ̀ gún un. Ní ìparí oṣù Kínní ọdún 1790 ó wọ́ ara rẹ̀ padà, ojú ọgbẹ́ lára rẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ìjọba.

Ó ru ìtàn kan dání. Ní ọdún 1788 màlúù tí àwọn òyìnbó kó wá ti ṣìnà lọ sínú igbó, ìbànújẹ́ ńlá ni ó sì jẹ́ fún gbogbo ìlú. Caesar ní òun rí màlúù náà, pé níbi tí òun ti ń gbìyànjú láti dà wọ́n bọ̀ fún gómìnà ni àwọn onílẹ̀ ti ṣe òun léṣe. Kò sí ẹni tí ó gbà á gbọ́, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọgbọ́n ẹnu lásán ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó dùn mọ́ ni: ní ọdún 1795 wọ́n rí àwọn màlúù náà láàyè, ní ọ̀nà jíjìn, wọ́n ti bí sí i, wọ́n ti di agbo ńlá. Igbó tí kò bọ́ Caesar bọ́ wọn yó.

Phillip dárí jì í. Ní oṣù Kẹta ọdún 1790 wọ́n kó o mọ́ àwọn tí wọ́n ń kó lọ sí erékùṣù Norfolk, tí ó wà ní àárín agbami, níbi tí wọ́n rò pé ilẹ̀ ti lọ́ràá jù. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni ó yẹ kí ẹni tí ń ka ìtàn yìí fi ọkàn sí jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àwọn òǹkọ̀wé sọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré jù. Nígbà tí ó fi di àárín ọdún 1791, Caesar ti ń bọ́ ara rẹ̀ láti inú ilẹ̀ tí wọ́n fún un, wọ́n sì fún un ní ẹlẹ́dẹ̀ kan láti máa sìn. Ní oṣù Kínní ọdún 1792 wọ́n fún un ní éékà ilẹ̀ kan. Éékà kan kò tó pápá bọ́ọ̀lù. Ó ju ìdajì rẹ̀ lọ díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀ ni ó fi ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ìyókù jẹ́ tirẹ̀. Ó ń gbé pẹ̀lú obìnrin ẹlẹ́wọ̀n kan, Anne Power, obìnrin náà sì bí ọmọbìnrin kan fún un ní oṣù Kẹta ọdún náà. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Mary Ann. Láàárín àkókò tí Caesar fi ní oko, tí ó ní ẹlẹ́dẹ̀, tí ó sì ní ọmọ, a kò gbọ́ pé ó sá lọ. Ọkùnrin kan náà ni, ara kan náà, ikùn kan náà.

Ní ọdún 1793 wọ́n dá a padà sí Sydney. Anne Power àti ọmọ náà kò bá a lọ. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ ní Norfolk. Ìjọba tí ó fún un ní oko ni ó tún mú un kúrò lórí oko. Ní oṣù Keje ọdún 1794 Caesar tún sá wọ igbó. Wọ́n mú un, wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn lọ kò tún sí ohun tí ó lè dá a dúró mọ́.

Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni orúkọ rẹ̀ tún di ohun tí àwọn òyìnbó fi inú dídùn pè. Pemulwuy ni jagunjagun ńlá àwọn onílẹ̀ nígbà náà. Láti ọdún 1790 ni ó ti ń bá àwọn tí ó gba ilẹ̀ baba rẹ̀ jà, kò sì ṣíwọ́ títí wọ́n fi yìnbọn pa á ní ọdún 1802. Ní òpin ọdún 1795 ó kọlu àwọn kan tí ń ṣiṣẹ́ ní Botany Bay, Caesar wà láàárín wọn, Caesar sì lù ú lórí tó bẹ́ẹ̀ tí ìròyìn kàn pé ó ti kú. Kò kú. Bí ènìyàn bá ronú lórí ìjà yẹn, àánú àwọn méjèèjì ni yóò ṣe é. Ọ̀kan ni wọ́n fi agbára mú wá sí ilẹ̀ náà, èkejì ni wọ́n ń fi agbára lé kúrò lórí rẹ̀. Ìjọba kan náà ni ó sì ṣe é fún àwọn méjèèjì.

Ìyìn yẹn kò pẹ́. Nínú oṣù Kejìlá kan náà Caesar sá lọ fún ìgbà ìkẹyìn, àwọn ẹlẹ́wọ̀n mìíràn tí ó ti sá sì kó ara wọn jọ mọ́ ọn. Gbogbo ohun tí ó bá sọnù ní Sydney, Caesar ni wọ́n ń kà á sí lọ́rùn. Síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó kórìíra rẹ̀, nítorí pé gómìnà tuntun, John Hunter, ní láti pàṣẹ pé kí àwọn tí ń fún un ní ẹ̀tù ìbọn jáwọ́. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kínní, ọdún 1796, Hunter kéde pé ẹni tí ó bá mú Caesar pẹ̀lú ìbọn rẹ̀ yóò gba ọtí líle gálọ́ọ̀nù márùn-ún. Ọtí ni owó ibẹ̀ nígbà náà. Òun ni wọ́n fi ń ra ohun gbogbo.

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Wimbow gbọ́ ìkéde yìí, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ sì tọ ipasẹ̀ Caesar wọ igbó. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kejì, ọdún 1796, wọ́n bá a ní ibi tí wọ́n ń pè ní Liberty Plains, èyí tí ó túmọ̀ sí Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Òmìnira. Wimbow yìnbọn fún un. Wọ́n gbé e lọ sí ahéré àgbẹ̀ kan nítòsí, ibẹ̀ ni ó sì dákẹ́ sí ní ọjọ́ náà.

Collins kọ ikú rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé ọkùnrin náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹranko. Collins yìí kan náà ni olórí ilé ẹjọ́ tí ó sọ ọdún méje Caesar di títí ayé. Adájọ́ ni ó ṣe òǹkọ̀wé, òun ni ó sì ṣe ẹlẹ́rìí. Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nínú gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa John Caesar, kò sí ìlà kan tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Àwọn tí ó dè é, tí ó lé e, tí ó pín oúnjẹ fún un, ni ó kọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n ní láti máa ka àwọn ohun tí wọ́n jẹ́wọ́ láìmọ̀: pé kò sí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ tó o, pé ìkòkò ni ó gbé dání wọ igbó, pé ó jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí ó ní éékà ilẹ̀ kan.

Wọn kò dáwọ́ kíkó ẹlẹ́wọ̀n lọ sí Ọsirélíà dúró títí di ọdún 1868, iye àwọn tí wọ́n sì kó lọ jẹ́ bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́jọ ó lé méjì. Ní ọjọ́ tí Caesar kú, Mary Ann ọmọ rẹ̀ kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́rin.